Bí Mo Ṣe Kọ̀wé Fi Díkónì Sùn ní Torino

Ohùn ẹnu mi ló gba gbogbo ilé tó ṣófo ní Torino tán. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lójú mi nígbà tí à ń wá ilé. Tí mo bá pe onílé lórí fóònù, tí mo fi "Buongiorno" kí i nìkan, ilé ṣì wà nílẹ̀. Tí mo bá wá fi gbólóhùn kejì lé e, tí òyìnbó náà gbọ́ bí ahọ́n mi ṣe ń yí, ilé ti lọ nìyẹn. Ẹnì kan ti wá sanwó láàárọ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ kó wọlé. Ọkùnrin kan tilẹ̀ búra fún mi pé òun ò ní ilé tí òun ń fi háyà, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mo dúró sí, tí mò ń wo àkọlé tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́bẹ̀ pé òun ń wá ayálégbé.

Yàrá kan ṣoṣo ni èmi, ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa ń gbé nígbà náà, nílé obìnrin onídìrí kan tó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ títí tí àánú fi sú u. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Settimo Torinese, èmi sì ń tọ́jú ìyá àgbà òyìnbó kan láàárín ìlú. Ẹ lè wá mọ bí inú wa ṣe dùn tó ní Sọ́ńdè tí díkónì kan nínú ìjọ wa dìde, tó ní Olúwa ti fi fúláàtì kan ta òun lọ́rẹ, àti pé ọmọ Ọlọ́run nìkan lòun fẹ́ kó gbé ibẹ̀.

Díkónì yìí ti pẹ́ ní Italy. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta gaàrí, èlùbọ́, ẹja gbígbẹ àti wíìgì, ibẹ̀ náà la sì ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ó ti pẹ́ débi pé ó mọ orúkọ àwọn ajá àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ajá ló sì máa ń kọ́kọ́ kí kó tó kojú sí àwa ènìyàn dúdú tó tò sórí ìlà. Èdè Ìtálì máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bíi suwíìtì. Ó fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ níṣojú wa, pàápàá nígbà tí kò sí òyìnbó kankan nítòsí.

Lọ́jọ́ tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó ta òróró sí àtẹ́rígbà, ó ta á sí fèrèsé, ó sì da èyí tó kù sí ọkọ mi lórí. Òróró ólífì láti súpámákẹ́ẹ̀tì ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó. Ó ní ilé ẹ̀rín ni ilé náà yóò jẹ́ fún wa. Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé àdéhùn jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní contratto, ó ní ká fọwọ́ sí i.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé contratto yẹn díẹ̀, torí òun gan-an la jà lé lórí. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé ìlú ti fi ààlà sí iye tí owó ilé kò gbọdọ̀ kọjá. Onílé tó bá gbà láti lo irú rẹ̀, ìjọba yóò dín owó orí rẹ̀ kù. Ayálégbé rí ilé tí apá rẹ̀ ká, onílé rí ẹ̀dínwó, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Irú èyí ni Díkónì mú wá. Ó ní, "Tìtorí yín ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò lè máa rẹ́ ará ilé ìgbàgbọ́ jẹ." Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo tilẹ̀ se ìrẹsì àti adìyẹ gbé lọ fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí òtútù ọdún kejì wọlé, Díkónì yà wá wò lẹ́yìn ìsìn. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo òkè àjà títí.

"Sístà," ó ní, "Ẹ̀mí bá mi sọ̀rọ̀ nípa owó ilé yín."

"Kí ni Ẹ̀mí sọ, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ní ó ti kéré jù."

Títí di ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń ṣe iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ilé. Díkónì ṣàlàyé pé àfikún náà kò ní wọ inú ìwé kankan. Ọwọ́ ni a ó máa fi lé òun lọ́wọ́, láàárín ará sí ará, kí ìjọba má baà wá tojú bọ ohun tí Olúwa ń ṣe. Kí n tó fajú ro tán, ọkọ mi ti dáhùn pé, "Kò burú, sà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ mi síbí. Ènìyàn rere ni, kì í mutí, kì í lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn àlàáfíà débi pé tí olè bá wọlé wa, yóò bá a wá àpò tí yóò kó ẹrù sí, yóò sì bá a gbé e délẹ̀.

A ń san àfikún yìí lọ́wọ́ ni caldaia bá bàjẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, tó tún ń mú gbogbo ilé gbóná. Òtútù Torino kì í ṣe èyí tí à ń fẹnu lásán sọ. Òkè oníyìnyín ló yí ìlú náà ká, atẹ́gùn tó sì ń ti ibẹ̀ bọ̀ mọ ọ̀nà ilé wa dáadáa. Láìpẹ́, ògiri yàrá ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan dúdú tí àwọn òyìnbó ń pè ní muffa. Mo fi ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó tún hù. Kóòtù la fi ń sùn. Inú ìkòkò la ti ń se omi ìwẹ̀ bí ẹni fẹ́ rokà. Ọmọbìnrin wa ń wúkọ́ títí tí olùkọ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè mí.

Mo pe Díkónì.

"Ẹ̀gbọ́n, caldaia ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Ilé ti tutù jù."

"Sístà, ṣé caldaia wà nílé bàbá yín ni?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n yìnyín náà ò sí níbẹ̀."

Ó ní òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà. Mo dúró de ìdáhùn àdúrà títí. Ìgbà tí mo tún pè é, ó ní ṣé mo mọ iye àwọn tó ń bẹ òun fún ilé náà. Ó ní kí n lọ bá àwọn òyìnbó, kí n wò ó bóyá wọn yóò gbé ilé fún ènìyàn dúdú. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, mo sì ń wo ògiri dúdú yẹn bí ẹni ń wo tẹlifíṣàn.

Ìyá àgbà tí mò ń tọ́jú ló là mí lójú láìmọ̀. Òun náà ní ilé tó ń fi háyà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń fún un lọ́bẹ̀ mu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ayálégbé rẹ̀ àtijọ́ kan. Ó ní olè paraku ni. Mo bi í pé kí ló jí. Ó ní kò jí nǹkan kan, ó lọ kọ̀wé sí commissione ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn kan ni wọ́n máa ń jókòó parí ìjà onílé àti ayálégbé lórí irú contratto tí a fọwọ́ sí yẹn, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn onílé, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé. Ó ní wọ́n mú òun tún páìpù ṣe tipátipá. Ìkà ènìyàn ni wọ́n, wọn ò lójú àánú, wọn ò bọ̀wọ̀ fún opó. Bó ṣe ń bú wọn ni inú mi ń dùn. Mo bi í níbi tí ọ́fíìsì àwọn ìkà ènìyàn náà wà. Ó sọ ọ́ fún mi, títí kan bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀, kí n lè mọ ibi tí mi ò gbọdọ̀ dé láéláé.

Ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ni mo kọ́kọ́ lọ bá, torí àwọn ló máa ń báni kọ ìwé ẹ̀sùn náà. Obìnrin kan tó fi okùn so gíláàsì mọ́ ọrùn ló gbà mí lálejò. Ó ka contratto wa, ó bi mí ní ìbéèrè, ó tún kà á.

"Signora," ó ní, "ọkùnrin yìí ń gba ẹ̀dínwó owó orí nítorí pé owó ilé yín kéré. Ó tún wá ń gba àfikún lọ́wọ́ yín nítorí pé owó ilé yín kéré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣé ọmọ Ìtálì ni?"

"Rárá, mà. Ọmọ ìlú wa ni. Díkónì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi já bọ́ sí àyà. Ó ní, "Ó ti di ọmọ Ìtálì nìyẹn."

A kọ ìwé náà. Kò gùn. A ní kí commissione pe àwa àti onílé jọ, kí owó ilé padà sí iye tó wà nínú contratto, kí ó tún caldaia ṣe, kí ó sì wá nǹkan ṣe sí ògiri ọmọ wa. Mo fọwọ́ sí i. Ó ku ọkọ mi, torí àwa méjèèjì la jọ gba ilé. Mo gbé e dé iwájú rẹ̀ nígbà tó ń jẹun.

"Ṣé a ò kọ́kọ́ gbàdúrà sí i?" ó ní.

"Ẹ bu ọwọ́ lù ú, Bàbá ọmọ mi. Ẹ máa gbàdúrà lẹ́yìn náà."

Ó fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rò pé ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn tèmi.

Nígbà tí Díkónì gba ìwé ìpè, kò pè wá rárá. Pásítọ̀ ló pè. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Pásítọ̀ wàásù lórí bí onígbàgbọ́ kò ṣe gbọdọ̀ gbé onígbàgbọ́ lọ síwájú aláìgbàgbọ́. Ìwàásù náà lágbára, ó sì gùn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló yí ọrùn wò mí bí òdòdó tí ń wo oòrùn. Ọkọ mi ń sọ "Àmín" sí gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí. Ìyàwó Pásítọ̀ la ń pè bẹ́ẹ̀, obìnrin tí ìjọ máa ń dákẹ́ fún tó bá wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àga sí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé ẹjọ́ àwọn kèfèrí lo gbé ìránṣẹ́ Ọlọ́run lọ?"

"Mọ́mì, kì í ṣe ilé ẹjọ́, mà. Àwọn méjì kan ni wọ́n máa jókòó, tí wọn á ní kí kálukú sọ tẹnu rẹ̀."

"Àwọn méjì yẹn, ṣé wọ́n ti di àtúnbí?"

"Mi ò tíì bi wọ́n, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kọ ẹ̀dùn ọkàn mi sínú ìwé, kí n jù ú sínú àpótí àdúrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo ọmọ Ọlọ́run ti ń ṣe.

"Mo ti jù ú síbẹ̀ tipẹ́, mà."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Díkónì ló ń ṣí àpótí náà, mà."

Mọ́mì wò mí. Mo rí i pé ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn tí a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì padà sílé bẹ̀rẹ̀ sí í rántí pé àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn. Ọmọbìnrin mi bi mí pé, "Mamma, perché non ci salutano più?" Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó bi mí ìdí tí àwọn ará ìjọ kò fi kí wa mọ́? Mo ní ọ̀fun ló ń dùn wọ́n. Ó wò mí bí ọmọ ti ń wo òbí tó ń purọ́, ó sì lọ wúkọ́ tirẹ̀ nínú yàrá.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Yàrá tí a wọ̀ gbóná dáadáa. Ẹ̀bá ògiri tí ooru ti ń jáde ni mo kọ́kọ́ lọ dúró sí, kí ara mi lè rántí bó ṣe ń rí. Obìnrin onígíláàsì yẹn ló ṣojú àwọn ayálégbé. Bàbá àgbà kan tó de táì ló ṣojú àwọn onílé. Ó jọ pé wọ́n ti ń bá ara wọn jà láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Kọfí kan náà ni wọ́n pín mu, wọ́n sì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn bí tọkọtaya.

Díkónì wọlé pẹ̀lú kóòtù, ó fi Bíbélì há abíyá. Ó kí wọn ní èdè Ìtálì tó dùn bí oyin, ó sì na ọwọ́ sí wa.

"Àwọn wọ̀nyí, ará mi ni wọ́n," ó ní. "Nínú àṣà wa, kò sí contratto láàárín ẹbí."

Bàbá onítáì gbójú sókè. "Èwo wá ni èyí tí ẹgbẹ́ wa bá yín lu òǹtẹ̀ sí, tí ẹ fi ń gba ẹ̀dínwó owó orí?"

Díkónì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àfikún yẹn kì í ṣe owó ilé, ọrẹ ìfẹ́ ni. Bàbá náà rọra gbé kọfí sílẹ̀. Ó ní, "Signore, tí ẹ bá sọ pé ẹ ń gba owó tí kò sí nínú ìwé, ó di dandan kí n gbọ́ ọ, kí àwọn agbowó orí náà sì gbọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbọ́ ọ?"

Ibẹ̀ ni èdè Ìtálì ti fi Díkónì sílẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń lọ. Ojú rẹ̀ ṣófo, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó wo bàbá náà bí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Non capisco," ó ní. Òun ò gbọ́ Ìtálì.

Àwọn òyìnbó méjèèjì wo ara wọn. Obìnrin onígíláàsì yíjú sí mi, ó ní jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa túmọ̀ fún un? Báyìí ni mo ṣe di ògbufọ̀ fún onílé mi nínú ẹjọ́ tí mo fi pè é. Mo jókòó dáadáa, mo fi ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí àgbà sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ gba nǹkan kan kọjá èyí tó wà nínú contratto mọ́. Wọ́n ní èyí tí ẹ ti gbà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ tún caldaia ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì tún ògiri ṣe. Wọ́n ní ṣé ẹ gbà, sà?"

Díkónì tẹjú mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ "ẹ̀yin" tó máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti parẹ́. Ó rọra sọ ọ́ ní Yorùbá, bí ẹni ń súre:

"Ọlọ́run ló máa dá ìwọ ọmọ yìí lẹ́jọ́. Wàá rí i."

"Kí ló sọ?" obìnrin náà bi mí.

Mo ní, "Ó ní òun gbà."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Díkónì gbọ́ ohun tí mo sọ ketekete, torí Ìtálì rẹ̀ dára ju tèmi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe ta kò mí, nígbà tí kò gbọ́ Ìtálì? Ó fọwọ́ sí i. Ọkọ mi ò gbójú kúrò nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, onímọ̀ ẹ̀rọ dé, caldaia sì kùn bí ológbò. Mo gbé ọmọ mi sínú omi gbígbóná, mo jẹ́ kó ṣeré níbẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi hunjọ. Ẹkún tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà tí òtútù dé ni mo sun níbẹ̀, mo ní ọṣẹ ló kó sí mi lójú.

Ní Sọ́ńdè, Díkónì dìde jẹ́rìí. Ó ní ọ̀tá wọ́ òun dé iwájú àwọn aláṣẹ ìlú, pé wọ́n yí òun ká, ṣùgbọ́n òun wọlé ní olórí, òun sì jáde ní olórí, ìwé lòun tilẹ̀ gbà bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìjọ pariwo ìṣẹ́gun. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ dìde pàtẹ́wọ́. Mo wò ó títí tó fi rántí ẹgbẹ́ tó wà, ó sì jókòó. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ara mi gbóná, kò sí ohun tó lè bí mi nínú lọ́jọ́ yẹn.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ èso ní Cuneo pè, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń jalè. Obìnrin kan pè láti Padova, ó ní àwọn gbọ́ pé mo ní "àdúrà kan" tó máa ń ṣiṣẹ́ fún onílé. Mo ní àdúrà náà, orí ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kó wá ẹgbẹ́ ayálégbé ìlú tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì fúnra wọn pè mí. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè iṣẹ́, wọ́n bèèrè ìlera ìyá tí mò ń tọ́jú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n wá ní onílé àwọn, òyìnbó kan báyìí, ti sọ owó ilé di nǹkan mìíràn láàárín ọdún, irú contratto tiwa gan-an ni tiwọn. "Má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́ o," wọ́n ní.

A jọ wọ tíráàmù. Gíláàsì dúdú ni wọ́n fi bojú, wọ́n sì fi ìborùn bo orí dé àgbọ̀n. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ayálégbé, obìnrin tó gbà wá bi wá pé ta ni ayálégbé nínú àwa méjèèjì. Mọ́mì nawọ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn kàn sin ọmọ yìí wá ni.

"Ẹ jókòó, signora," mo sọ fún Mọ́mì. "Inú mi dùn pé ẹ sìn mí. Kí ni kí n sọ fún wọn nípa onílé wa?"

Mọ́mì wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wò mí. Wọ́n wá yọ gíláàsì dúdú náà, wọ́n fa àga súnmọ́ tábìlì, wọ́n sì fi ohùn tí wọ́n fi máa ń lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde sọ fún obìnrin náà pé, "Scriva." Kó máa kọ ọ́. Títí wọ́n fi fẹ́ tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ṣì ń kọ ọ́.